Ilé Tó Kó Ọ̀rọ̀ Lé Ilé-Ìwé Lọ́wọ́: Àkọtọ́ àti Èdè Ọmọdé ní Òkè Ìdáàṣà

Kò sí ìran àgbà kan tí kì í sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò gbọ́ èdè mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ìfàsẹ́yìn ní láti kọ́kọ́ fura sí ẹjọ́ yìí, nítorí àwọn tó ń rò ó lónìí, wọ́n ro irú rẹ̀ mọ́ àwọn náà lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Síbẹ̀, ní Dassa-Zoumè, ìlú kan ní Benin tí àwọn onílé ń pè ní Igbó Ìdáàṣà, ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò ṣòro níbẹ̀ láti rí ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó gbọ́ àpèkọ lẹ́nu olùkọ́, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Bí o bá ní kí ọmọ kan náà fi èdè ìyá rẹ̀ dárúkọ àwọn nǹkan tó wà lóko bàbá rẹ̀, yóò dárúkọ díẹ̀, yóò sì fi Faransé parí ìyókù.

Àwọn òbí ní ọ̀lẹ ni. Àwọn olùkọ́ ní fóònù ni. Àwọn bàbá àgbà ní pàṣán tí wọ́n gbé kúrò ní kíláàsì ló fà á. Mi ò ní kò sí òótọ́ díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni àdéhùn tó wà láàárín ilé àti ilé-ìwé. Ilé ló yẹ kí ọmọ ti gba ọ̀rọ̀; ilé-ìwé ló yẹ kí ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi lẹ́tà kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ilé dáwọ́ ìpín tirẹ̀ dúró, tó kó gbogbo rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́, olùkọ́ kò ní ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ ju pé kí ó há a sórí lọ.

Ẹkùn tí ìlú náà wà, Collines, kò tíì pẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀: ọdún 1999 ni ìjọba Benin yà á kúrò lára Zou. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló kó jọ, Dassa-Zoumè, Glazoué, Savalou, Bantè, Ouèssè, àti Savè tí àwa ń pè ní Ṣábẹ. Àwọn Ìdáàṣà, àwọn Ṣábẹ àti àwọn Ìṣà tó wà ní Bantè ń sọ èdè tó bá Yorùbá tan. Àwọn Máhì ń bá wọn gbé. Èdè Fọ̀n ń ràn lọ́jà. Faransé ló jókòó ní ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbọ́ èdè mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Ọmọ tó gbọ́ mẹ́ta dáadáa sàn ju ẹni tó gbọ́ ẹyọ kan lọ. Wàhálà ń bẹ níbi tí ọmọ ti gbọ́ mẹ́ta, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jinlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni ilé ń ṣe tẹ́lẹ̀? Iṣẹ́ rírán ni mo fi ṣáájú, nítorí òun ni àwọn tó ń yin àlọ́ máa ń gbàgbé. Ìyá tó wà nídìí ààrò, tó ní kí ọmọ lọ gbé ajere wá, kì í nàka sí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ọmọ tó bá gbé asẹ́ wá dípò ajere yóò padà lọ. Ajere àti asẹ́, ìkòkò àti ìṣaasùn, igbá àti ahá, ọlọ àti ọmọ ọlọ: ilé ìdáná nìkan tó láti kọ́ ọmọ pé ohun méjì tó jọra kì í jẹ́ orúkọ kan náà. (Yorùbá gbogbogbòò ni mo fi dárúkọ wọn, Ìdáàṣà ní bí òun ṣe ń pe àwọn mìíràn.) Oko náà ní tirẹ̀. Ní ilẹ̀ tí iṣu ti jẹ́ olórí oúnjẹ, tí Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ọmọ tó bá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ kọ ebè yóò mọ ewùrà yàtọ̀ sí èsúrú, yóò mọ èyí tó dára ní gígún, àti èyí tí wọ́n ń bọ̀ kí wọ́n tó sá a di gbodo. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ lónìí, igname ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Iṣẹ́ rírán ń kọ́ ọmọ ní orúkọ. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń wo nǹkan. Ẹni tó pe òjò ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó kan ilẹ̀ tó tún kan ọ̀run ti fi dandan mú ọmọ láti ronú nípa gígùn, nípa tínínrín, nípa òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó tó rí ìdáhùn. Àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í yára tú àlọ́. Yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ dárúkọ ohun mẹ́wàá tí kì í ṣe òun, nítorí nínú mẹ́wàá tó kùnà yẹn ni wọ́n ti ń yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ wò. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ alọ́nilẹ́nu tí àwọn ọmọ fi ń bá ara wọn díje, tí *p* àti *gb* ti ń lé ara wọn kiri nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, etí ni wọ́n ń là. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀kọ́ òde òní gbà pé ọmọ tí kò bá lè fi etí ya ìró sọ́tọ̀, yóò ṣòro fún un láti fi lẹ́tà yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ń ta ìwé eré lórí ìyẹn fún àwọn òbí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìdáàṣà ń ṣe eré yẹn lálẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Oríkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá àgbà tó ń ki ọmọ láàárọ̀ ń kó ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí i létí. Ọmọ kò mọ ìtumọ̀ ìdajì wọn, kò sì di dandan kí ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ̀ pé èdè òun gùn ju ohun tí òun ń lò lọ.

Kí n má bàa di ọ̀kan nínú àwọn tí mo ní kí a fura sí, ilé àtijọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà. Ó ń lé ọmọ kúrò níbi tí àgbà bá ti ń jíròrò, ó sì dá ọmọbìnrin dúró sí ilé ìdáná nígbà tí arákùnrin rẹ̀ ń bá bàbá wọn rìn. Ẹni tó bá ní òun mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọmọ Ìdáàṣà ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ń tan ara rẹ̀ ni. Ohun tí a lè sọ láìṣìnà ni pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé sẹ́nu ọmọ pọ̀, pé kò sí èyí tó ń gba owó nínú wọn, àti pé ìyá tí kò mọ ìwé rárá ni olórí olùkọ́.

Ìjọba Faransé ló kọ́kọ́ sọ fún ìyá yìí pé kì í ṣe olùkọ́. Àṣẹ tí gómìnà àgbà Jules Carde fi síta ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1924 fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé kò fi ibì kan pamọ́: Faransé nìkan ni èdè ilé-ìwé, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ sọ èdè ilẹ̀ rẹ̀. Láti mú àṣẹ náà ṣẹ, wọ́n lo ohun tí wọ́n ń pè ní *signal* ní Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà. Ó lè jẹ́ egungun, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín, ó lè jẹ́ pákó tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ tó bá ṣèèṣì sọ èdè ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, yóò sì máa ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣẹ̀ bí òun, tí yóò gbé e kọ́. Áfíríkà kọ́ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ Bretagne níyà ní Faransé gan-an, bí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Wales náà ti ṣe fún àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Welsh. Ó tún pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960 kí ó tó kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Benin.

Ìyà ara kọ́ ló burú jù níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ọmọ mú bọ̀ wálé ni. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ẹni tó bá sọ ọ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dọdẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé *signal* kọ́ lọ́rùn ní ọdún 1955 ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Nígbà tí mo bá gbọ́ ìyá àgbà tó ń fi Faransé tí kò dá a lójú bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí, n kì í rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun kọ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Ní apá kejì ààlà, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Àwọn míṣọ́nnárì ṣèpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Nígbà tó yá, J. F. Ọdúnjọ kọ Aláwìíyé, tí ìran lẹ́yìn ìran ọmọ fi kọ́ bí a ṣe ń ka èdè wọn kí wọ́n tó wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ojúrere àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Àwọn ìjọ fẹ́ kí ènìyàn ka Bíbélì, wọ́n sì mọ̀ pé èdè ilé ni yóò yá jù. A. I. Asiwaju, tó fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 gbé ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lé òṣùwọ̀n kan náà, ti fi hàn bí ìlà tí wọ́n fà sáàárín àwọn ènìyàn kan náà ṣe sọ wọ́n di oríṣi méjì. Ìwé ọmọdé wà lára ohun tí ìlà náà pín.

Ó yẹ kí a yin àwọn tó gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní Benin. Mathieu Kérékou gba ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, nígbà tó sì di 1975, ètò tí wọ́n pè ní École Nouvelle, ilé-ìwé tuntun, ti dé. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n dá ilé àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè àdúgbò bá wọn ṣeré, kọ́ wọn lórin, sọ ìtàn fún wọn kí wọ́n tó wọ kíláàsì Faransé. Bí o bá bi mí, ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo ètò náà nìyẹn, nítorí ó mú iṣẹ́ ilé wọ inú ọgbà ilé-ìwé láìsọ ọ́ di ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìwé kò tó, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò tó, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọba kò lè san owó oṣù mọ́. Àwọn òbí ti bínú sí ilé-ìwé tuntun pé ó ba ọmọ wọn jẹ́. Nígbà tí àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 fi òpin sí ìjọba náà, ilé-ìwé tuntun bá a lọ, èdè ilé sì bá a jẹ nínú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, òfin kò wọ́n. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ nínú abala kọkànlá rẹ̀ pé gbogbo ẹ̀yà ló lómìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2003 ka èdè orílẹ̀-èdè mọ́ èdè tí a lè fi kọ́ni. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdánwò ní àwọn ilé-ìwé díẹ̀ pẹ̀lú èdè mẹ́fà, Yorùbá sì wà lára wọn. Àdánwò ṣì ni. Ọmọ tó wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè yẹn, Faransé ló ń bá pàdé lójú pátákó.

Ibi tí ilé wà nínú gbogbo èyí ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Òbí tó lágbára díẹ̀ ní Dassa-Zoumè lónìí ń gba *maître de maison*, olùkọ́ ilé. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tó ti jáde ní yunifásítì tí kò tíì ríṣẹ́, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ fi kún owó oṣù rẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé, yóò ṣí ìwé ọmọ, yóò ka àpèkọ, yóò fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, yóò ní kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lákọtúnkọ. Ìdánwò CEP tó ń parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́kàn gbogbo wọn. N kò bú àwọn ọ̀dọ́ yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ìyá wà. Bí olùkọ́ ilé bá ti wọlé, ìyá a dìde. Á rọra pa rédíò, á lọ sẹ́yìnkùlé, á ní òun kò mọ ìwé, kí òun má dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ jù nínú ilé ló kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí n fi ìka kan ìfàsẹ́yìn tí mo ń sọ, ibẹ̀ ni n ó kàn.

Àwọn òbí mìíràn gba ọ̀nà kejì: wọ́n pinnu pé Faransé nìkan ni ọmọ yóò máa gbọ́ nílé. Wọ́n rò pé wọ́n ń fún un ní ọrọ̀. Ṣùgbọ́n Faransé tí ọ̀pọ̀ ilé ní kò ju àṣẹ lọ: wá, jẹun, wẹ̀, dákẹ́, lọ sùn. Wọn kò ní ọ̀rọ̀ fún ajere nínú rẹ̀, wọn kò ní fún ebè, wọn kò lè fi pa àlọ́, wọn kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá tó lè fi èdè Ìdáàṣà ṣàlàyé fún wákàtí kan bí òjò ṣe ń ṣú, ìṣẹ́jú kan ni Faransé rẹ̀ yóò gbà á. Nítorí náà díẹ̀ péré lára bàbá rẹ̀ ni ọmọ ń gbọ́. Nígbà tí olùkọ́ bá wá ka àpèkọ lórí igbó, lórí odò, lórí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọmọ náà kò ní ọ̀rọ̀ wọn ní Faransé, kò sì ní wọn ní èdè ilé tí ì bá fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ Faransé kì í ṣe èdè tí etí nìkan lè kọ. Ìró *o* kan ṣoṣo, wọ́n lè fi *o* kọ ọ́, wọ́n lè fi *au*, wọ́n lè fi *eau*, wọ́n tún lè fi lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í pè tì í lẹ́yìn. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, tó ti gbọ́ ọ, tó ti sọ ọ́, yóò fi ìtumọ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwòrán lẹ́tà nìkan ló ń há sórí, yóò sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.

Yorùbá ṣe ọmọdé lóore ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà 25 ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tí ó ń sọ lójoojúmọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n tán lè kọ ohun tó bá sọ. Ibi ìṣòro kò pọ̀, òbí tó mọ̀ wọ́n sì lè jókòó tì wọ́n. Àkọ́kọ́ ni fáwẹ̀lì àránmúpè: ìró kan náà ni a ń kọ ní *an* nínú *ikán*, tí a sì ń kọ ní *ọn* nínú *ìbọn*, nítorí *b* tó ṣáájú rẹ̀. Èkejì ni *n* tó dá dúró bíi sílébù. Ọmọ tó bá pàtẹ́wọ́ sí *ọ̀rọ̀* yóò pa méjì. Bí ó bá pàtẹ́wọ́ sí *òroǹbó*, ó gbọ́dọ̀ pa mẹ́rin, ẹni tó bá pa mẹ́ta kò tíì gbọ́ *n* yẹn. Pípàtẹ́wọ́ yìí ni mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí òbí lè ṣe, nítorí kò gba ìwé, kò gba iná, ìyá sì lè ṣe é níbi tó ti ń bó èèpo ẹ̀gẹ́.

Ohùn ló le jù, òun sì ni gbogbo wa ń sá fún. Ìwé ìròyìn ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde láìfi àmì sí i, àwọn olórin ń kọ ọ́ sára àwo bẹ́ẹ̀, fóònù kì í sábà jẹ́ kí a rí àmì náà tẹ̀. Ọmọ a wá rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Kí òbí má fi àmì bẹ̀rẹ̀. Kí ó pa ẹnu dé, kí ó fi imú kùn ohùn ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀, dò, re, mí, bí ìlù dùndún ṣe ń ṣe, kí ọmọ wá sọ èyí tó jẹ́ nínú ohun méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú rẹ̀: igbá ni, tàbí ìwé, tàbí ọbẹ̀? Ọmọ tó bá ti mọ eré yìí ti ní ohùn létí. Àmì tí yóò fi sórí lẹ́tà lẹ́yìn náà kò ní ṣòro fún un.

Ìdí méjì ni àwọn òbí Ìdáàṣà tó kàwé máa ń tọ́ka sí tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní álífábẹ́ẹ̀tì méjì ló wà. Òótọ́ ni. Èyí tí Benin ṣe ní 1975, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ń kọ *ɛ* àti *ɔ* níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ *ẹ* àti *ọ*. Ó ń kọ *sh* fún *ṣ*, àti *kp* fún *p*. Lẹ́tà mẹ́rin ni gbogbo ìjà náà. Ọmọ tó lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀ yóò mọ ìyẹn ní alẹ́ kan. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé ìtàn ọmọdé tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Cotonou lọ, kí òbí lo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, kí ó fi èkejì han ọmọ.

Ìdí kejì ni pé wọ́n ní Ìdáàṣà kọ́ ni Yorùbá inú ìwé. Ìyẹn náà tọ̀nà. Hounkpati Capo, onímọ̀ èdè ọmọ Benin, pe gbogbo ẹbí yìí, Yorùbá, Ìdáàṣà, Ṣábẹ, Ìṣà àti àwọn tó kù, ní Èdè, láìfi ọ̀kan ṣe olórí lé ìyókù lórí. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ìyá kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní èdè Ọ̀yọ́? Lẹ́tà náà gba Ìdáàṣà. Kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é. Bí ó bá pàdé ti inú ìwé lọ́la, yóò mọ̀ pé ìbátan ni. Ohun tó ń ba ọmọ lẹ́nu jẹ́ ni kí wọ́n sọ fún un pé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ kò pé. *Signal* náà ló tún padà dé yìí, Yorùbá ni wọ́n wá fi ṣe é.

Olabiyi Babalola Yai, ọmọ Ṣábẹ, ìlú tí kò jìnnà sí àwọn òkè tí mo ń sọ, jẹ́ ẹ̀rí pé èdè agbègbè yìí kì í dí ènìyàn lọ́wọ́. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó kọ́ni ní Florida, ó kó ìwé atúmọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kan jọ tó jáde ní 1996, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 títí di 2009. Ní Ifẹ̀ kan náà, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé òbí tó ń ronú CEP kò fẹ́ gbọ́ ìtàn Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló kàn: ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ní èdè ilé kì í gba àyè èdè kejì, ó ń tún un ṣe fún un ni.

Àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand rí i bẹ́ẹ̀ ní 1982. Èdè wọn ti ń kú mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu, wọ́n sì dá *kōhanga reo* sílẹ̀, ilé ọmọ kéékèèké tí ìyá àgbà àti bàbá àgbà ti ń bá ọmọ sọ Māori láti àárọ̀. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mú wá. Dassa-Zoumè kò tíì dé ibi tí Māori dé. Ìyá àgbà ṣì pọ̀, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, rédíò àdúgbò ń sọ ọ́, àwọn fíìmù Yorùbá láti Nàìjíríà ń wọlé. Láti 2006 tí ìjọba ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tó ń mú síléètì lọ sí kíláàsì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ pé ìran yìí jẹ́ òpè ju ti ìṣáájú lọ kò sọ òótọ́. Fóònù pàápàá ń jẹ́ kí èdè ilé máa sọ̀rọ̀, nítorí ohùn ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ń sọ Ìdáàṣà sí i, wọn kì í kọ ọ́. Ọmọ tó dàgbà láàárín irú ìyẹn á gbà pé sísọ nìkan ni èdè ilé wà fún, pé Faransé nìkan ni a ń kọ. Ìpín iṣẹ́ yìí ni ó ń pa àkọtọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí Ìdáàṣà tí ẹ ń sanwó olùkọ́ ilé, ẹ má lé e lọ. Ẹ sọ fún un pé ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí jẹ́ ti èdè ilé. Kí ìyá má dìde. Òun ni yóò pe ọ̀rọ̀, orúkọ ohun tó wà nílé ìdáná lọ́sẹ̀ yìí, ti oko lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ọjà Glazoué lẹ́yìn náà. Ọmọ yóò kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Olùkọ́ yóò yẹ lẹ́tà wò. Bí olùkọ́ kò bá gbọ́ Ìdáàṣà, ìyá ni yóò sọ bóyá ohun tí ọmọ kà padà jẹ́ ohun tí òun pè. Owó tí ẹ ń san fún un tẹ́lẹ̀ tó o.